Níbo Ni Kí A Ti Gba Iná? Ìfiwéra Àwọn Ibùdó Ìgbaná fún Ọkọ̀ Oníná Mànàmáná Lójú Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni a ó sọ ní òní. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀rọ̀ ti rí gan-an nìyẹn fún ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ oníná mànàmáná lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ibi tí ó ti lè gba iná lójú ọ̀nà pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kò dọ́gba. Òmíràn yá, owó rẹ̀ sì gun òkè. Òmíràn kò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu okùn rẹ̀ kò bá ọkọ̀ ẹni mu. Òmíràn dára ní gbogbo ọ̀nà, àfi pé ẹ̀rọ méjì péré ni ó wà níbẹ̀, ọkọ̀ mẹ́fà sì ti tò síwájú ẹni. Bí a ó ti fi wọ́n wé ara wọn, tí a ó sì yan èyí tí ó yẹ wá, ni iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa.

Ìlú Ọba ni a ó ti mú àpẹẹrẹ wa. Ìdí méjì ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé ọkọ̀ oníná ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ẹ̀rọ tí gbogbo ènìyàn lè lò láti fún ọkọ̀ ní iná ti lé ní 73,000 ní ilẹ̀ náà, àwọn tí ó lé ní 14,000 nínú wọn sì jẹ́ èyí tí ń ṣiṣẹ́ kíákíá. Ìdí kejì ni pé àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lè ní ẹ̀gbọ́n ní Manchester, kí ó sì ní àbúrò ní Leeds. Bí ọjọ́ Sátidé bá ti kò, ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ ń bẹ níbì kan tí a kò gbọdọ̀ má dé. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ oníná kò tíì bọ́ nínú ojúṣe ẹbí.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí a fi ẹnu kò lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní "ṣáàjì" lórí fóònù àti lórí ọkọ̀ ni a ó máa pè ní gbígba iná. Ibi tí ọkọ̀ ti ń gba iná ni ibùdó ìgbaná. Ohun èlò tí ó dúró sí ibẹ̀ bí ẹ̀rọ epo ti í dúró ní ilé epo ni ẹ̀rọ ìgbaná. Okùn tí ó jáde láti ara rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ ni okùn iná.

Kí Ni Ìtumọ̀ Kíákíá?

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń da ènìyàn lójú rú ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kílówáàtì àti kílówáàtì-wákàtí. Orúkọ méjèèjì jọ ara wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀ gédégédé. Ẹ jẹ́ kí a fi omi ṣe àkàwé. Bátìrì ọkọ̀ dà bí àgbá omi. Kílówáàtì-wákàtí ni a fi ń wọn iye omi tí àgbá náà lè gbà. Kílówáàtì ni a fi ń wọn bí omi ti ń yára tú jáde tó ní ẹnu ẹ̀rọ. Bí a bá ní bátìrì kan jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 60, bí àgbá náà ti tóbi tó ni a ń sọ. Bí wọ́n bá sì kọ kílówáàtì 150 sí ara ẹ̀rọ ìgbaná, bí omi rẹ̀ ti ń tú jáde tó ni wọ́n ń sọ.

Ká ní a fẹ́ fi kílówáàtì-wákàtí 30 kún inú bátìrì. Ẹ̀rọ kílówáàtì 7 yóò lo wákàtí mẹ́rin àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 17. Ẹ̀rọ kílówáàtì 50 yóò lo ìṣẹ́jú 36. Ẹ̀rọ kílówáàtì 150 yóò lo ìṣẹ́jú 12, bí ọkọ̀ náà bá lè gba gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń fún un. Ìjọba Ìlú Ọba pín wọn sí ìsọ̀rí: láti kílówáàtì 50 dé 149 ni wọ́n kà sí ẹ̀rọ kíákíá, láti 150 sókè ni wọ́n kà sí ẹ̀rọ kíákíá jùlọ.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Iná tí ó ń wọ ilé wa jẹ́ iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Bátìrì ní tirẹ̀ kò lè tọ́jú irú iná bẹ́ẹ̀. Iná tí ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo ni ó lè gbà. Bí a bá lo ẹ̀rọ kékeré, ohun èlò kan tí ó wà nínú ọkọ̀ ni yóò yí iná náà padà, ohun èlò yìí kò sì tóbi. Ẹ̀rọ kíákíá ní tirẹ̀ ti yí iná padà nínú ara rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́ sí ọkọ̀, tààrà sínú bátìrì ni ó sì ń lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ náà fi tóbi tí ó sì wọ́n, tí ó fi jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ilé ni a lè gbé e sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé gbólóhùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan: bí ọkọ̀ náà bá lè gbà á. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọkọ̀ Nissan Leaf àtijọ́ kò lè gbà ju nǹkan bí kílówáàtì 50 lọ. Bí a gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ kílówáàtì 350, kò ní torí ìyẹn yára sí i. Ẹni tí ó san owó gọbọi nítorí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀rọ, tí ọkọ̀ rẹ̀ kò sì lè gba ìdajì rẹ̀, owó ẹlòmíràn ni ó bá san.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé bátìrì kì í gba iná bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wo bí àwọn ènìyàn ti ń wọ gbọ̀ngàn ìnáwó. Nígbà tí àga ṣófo, olúkúlùkù ń wọlé, ó ń jókòó wọ̀ọ̀. Nígbà tí gbọ̀ngàn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹni tí ó bá dé yóò dúró, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, kí ó tó rí àyè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iná ń ṣe nínú bátìrì. Láti ìpín 10 títí dé ìpín 80 nínú 100 ni ó máa ń yá. Bí ó bá ti kọjá 80, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò dín iná tí ó ń gbà kù kí bátìrì má bàa bàjẹ́. Ìpín 20 tí ó kẹ́yìn lè gba àkókò tí ó tó ti gbogbo èyí tí ó ṣáájú. Òtútù náà tún ń dá kún un: bátìrì tí ó tutù kì í gba iná dáadáa. Nítorí náà ni àwọn ọkọ̀ tuntun fi ń mú bátìrì wọn gbóná díẹ̀ bí awakọ̀ bá ti sọ fún un pé ibùdó ìgbaná ni òun ń lọ.

Oríṣiríṣi Ibùdó tí Ó Wà Lójú Ọ̀nà

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni a lè pín àwọn ibùdó wọ̀nyí sí.

Èkíní ni àwọn tí ó wà ní ibi ìsinmi ẹ̀bá títì márosẹ̀. Àǹfààní wọn hàn gbangba: a kò ní yà kúrò lójú ọ̀nà, ilé ìtura wà, oúnjẹ wà, iná sì tàn yòò ní òru. Ilé-iṣẹ́ Ecotricity ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní Electric Highway ní ọdún 2011. Ọ̀fẹ́ ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2016 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó. Nígbà tí ó yá, àwọn ẹ̀rọ náà gbó, àwọn awakọ̀ sì ń ráhùn. Ní ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Gridserve gba ètò náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni àjọ tí ń mójú tó ìdíje òwò ní Ìlú Ọba ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé, yàtọ̀ sí ti Tesla, ìpín 80 nínú 100 ẹ̀rọ ìgbaná tí ó wà ní àwọn ibi ìsinmi ẹ̀bá títì márosẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí. Ibi tí olùtajà bá ti jẹ́ ẹyọ kan, oníbàárà kì í ní ẹnu púpọ̀. Ìjọba náà ti pinnu pé kí ó tó di òpin ọdún 2023, ẹ̀rọ alágbára mẹ́fà, ó kéré tán, gbọdọ̀ wà ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún náà dé, ó kọjá, ìpinnu náà kò ṣẹ ní gbogbo ibi. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a rò pé ibi ìsinmi tí ó kàn níwájú yóò ní ohun tí èyí tí a fi sẹ́yìn ní.

Ẹ̀kejì ni àwọn ibùdó Tesla. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ ni Tesla, ó sì kọ́ ibùdó fún àwọn ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀ fún ọkọ̀ ẹlòmíràn ní Ìlú Ọba. Ohun tí a fi ń yìn wọ́n ni pé ẹ̀rọ wọn máa ń pọ̀ ní ojú kan, kì í sì í sábà bàjẹ́. Owó wọn pẹ̀lú sábà máa ń dín sí ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìṣòro tiwọn. Kì í ṣe gbogbo ibùdó wọn ni ó gba àlejò. Okùn iná wọn ní ọ̀pọ̀ ibùdó kúrú, nítorí ẹ̀yìn ọkọ̀ ní apá òsì ni ojú ìgbaná ọkọ̀ Tesla wà. Ọkọ̀ tí ojú ìgbaná tirẹ̀ wà níwájú lè ní láti gba àyè ọkọ̀ méjì kí okùn tó dé ara rẹ̀. Ẹ tún wo ọkọ̀ bí Hyundai Ioniq 5. Fóòtì bátìrì rẹ̀ ga tó nǹkan bí 800, ó sì lè ti ìpín 10 dé 80 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 bí ó bá rí ẹ̀rọ kílówáàtì 350 tí ó bá a mu. Àwọn ẹ̀rọ Tesla kílówáàtì 250 tí ó pọ̀ lójú títì ni a kò ṣe fún fóòtì gíga bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ yìí yóò lọ́ra níbẹ̀ ju bí ó ti lè yá lọ. Ohun tí ó dára fún ọkọ̀ kan kò pọn dandan kí ó dára fún èkejì.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ibùdó tí kò sí lójú títì márosẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n tí kò jìnnà sí ibi tí ènìyàn ti ń yà kúrò lórí rẹ̀. InstaVolt àti Osprey wà nínú ìsọ̀rí yìí. Ẹ̀gbẹ́ ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà ni a ti sábà ń rí ẹ̀rọ wọn. MFG àti bp pulse náà wà níbẹ̀. Ilé epo ni ọ̀pọ̀ nínú tiwọn wà. A lè ka Ionity mọ́ wọn, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bíi BMW, Ford, Volkswagen àti Daimler dá sílẹ̀ ní ọdún 2017, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì lè dé kílówáàtì 350. Ìyàsọ́nà ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò ná ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ níbẹ̀ ni yóò ti bá àyè. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń sáré wọ ibi ìsinmi ẹ̀bá títì nítorí pé ojú wọn kò rí èyí tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn.

Bí a bá ń ka iye ẹ̀rọ, kí a máa fi ojú inú kà á. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n ṣí ibùdó ńlá kan sí ọgbà NEC ní Birmingham, tí ó lè gba ọkọ̀ 180 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ìdààmú ti tán. Ṣùgbọ́n kílówáàtì 7 ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú àyè wọ̀nyẹn. Ti ẹni tí ó fẹ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ wo àfihàn fún wákàtí bíi mélòó kan ni. Arìnrìn-àjò tí ó ń kánjú kò ní ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Ẹ̀rọ bíi 16 tí agbára wọn jẹ́ kílówáàtì 300 ni ó kàn án.

Kí a má sì gbàgbé ẹnu okùn iná. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ fún gbígba iná kíákíá: CCS, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tuntun ń lò ní Ìlú Ọba, àti CHAdeMO, tí ó wá láti Japan, tí Nissan Leaf àtijọ́ ń lò. Ibùdó tuntun tí ń fi CHAdeMO sí i ti dín kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àlòkù nítorí pé owó rẹ̀ rọjú, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bí yóò bá máa gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ọ̀rọ̀ Owó

Iye kílówáàtì-wákàtí tí ọkọ̀ bá gbà ni a ń san owó lé lórí. Ní ọdún 2025, láàárín pẹ́nì 70 sí 90 ni ọ̀pọ̀ ibùdó kíákíá ń gbà lórí kílówáàtì-wákàtí kan. Ẹni tí ó ń gba iná ní ilé rẹ̀ ní ọdún náà kò san ju nǹkan bí pẹ́nì 25 sí 27 lọ, bí ó bá wà lábẹ́ òdiwọ̀n owó tí ìjọba fọwọ́ sí. Òru tilẹ̀ dín owó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó bá ní àdéhùn fún un.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kílówáàtì-wákàtí 30 wa. Ní ilé, bí a bá san pẹ́nì 26, pọ́n-ùn 7 àti pẹ́nì 80 ni. Ní ibùdó tí ó ń gba pẹ́nì 55, pọ́n-ùn 16 àti pẹ́nì 50 ni. Ní ibùdó tí ó ń gba pẹ́nì 79, pọ́n-ùn 23 àti pẹ́nì 70 ni. Iná kan náà ni, bátìrì kan náà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dunni ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní ibi tí yóò ti gba iná nílé. Ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀, tí ó ní àyè ìgbọ́kọ̀sí níwájú ìta, ni ó ń jẹ àǹfààní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ó ń gbé fúlátì ní àjà karùn-ún, tí ó ń wá àyè gbọ́kọ̀ sí lẹ́bàá títì lálaalẹ́, ibùdó ìta nìkan ni ó ní. Ìjọba tún wá ń gba owó orí ọjà ìpín 5 nínú 100 lórí iná inú ilé, nígbà tí ó jẹ́ pé ìpín 20 ni ó ń gbà lórí ti ibùdó ìta ní ọdún 2025. Ẹni tí kò ní ni ó ń san jù. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tí ó ń yá ilé gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa fi owó ilé ṣe ìṣirò fún ẹni tí kò ní ilé, kí a sì máa sọ fún un pé ọkọ̀ oníná kò ní ìnáwó.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan, bíi Tesla àti Ionity, máa ń ta àdéhùn oṣooṣù: ènìyàn yóò san owó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, wọn yóò sì dín owó iná kù fún un. Ká ní pọ́n-ùn 10 ni owó oṣù, tí ẹ̀dínwó sì jẹ́ pẹ́nì 20 lórí kílówáàtì-wákàtí kan. Ẹni náà gbọdọ̀ gba kílówáàtì-wákàtí 50 kí owó oṣù tó padà wọlé. Ẹni tí ó ń rin ọ̀nà jíjìn lẹ́ẹ̀méjì lóṣù yóò jèrè. Ẹni tí ó ń rin ín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó san owó ẹsẹ̀kẹsẹ̀.

Ṣé A Lè Gbẹ́kẹ̀ lé E?

Ní àtẹ̀yìnwá, ohun tí ó ń bí awakọ̀ nínú jùlọ ni pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀ àti ètò tirẹ̀ lórí fóònù. Ènìyàn yóò dúró nínú òjò, yóò máa kọ orúkọ àti àdírẹ́sì sínú fóònù kí ẹ̀rọ tó dá a lóhùn. Òfin kan tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ti tún èyí ṣe. Láti ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ẹ̀rọ ìta tí ó bá ti tó kílówáàtì 50 gbọdọ̀ gba káàdì báńkì lásán, tí a kàn fi kan ojú rẹ̀. Owó gbọdọ̀ hàn kedere ní iye pẹ́nì lórí kílówáàtì-wákàtí kan. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ ní nọ́ńbà fóònù ọ̀fẹ́ tí ènìyàn yóò máa dáhùn tọ̀sán-tòru. Èyí tí ó sì lágbára jùlọ, bí a bá da gbogbo ẹ̀rọ kíákíá ilé-iṣẹ́ kan pọ̀, wọ́n gbọdọ̀ wà ní ipò iṣẹ́ fún ìpín 99 nínú 100 àkókò ọdún. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá kùnà lè san ìtanràn tí ó lè dé pọ́n-ùn 10,000.

Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kà á dáadáa. Àròpọ̀ ni ìpín 99. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ 1,000 lè ní mẹ́wàá tí ó bàjẹ́ lójoojúmọ́, kí ó má sì rú òfin. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́wàá yẹn ni ìwọ gbójú lé ní aago mọ́kànlá òru, àròpọ̀ kò ní gbé ọ délé. Nítorí náà, iye ẹ̀rọ tí ó wà ní ojú kan ṣe pàtàkì ju agbára ẹ̀rọ kan ṣoṣo lọ. Ibi ìsinmi Rugby, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021 ní ìbẹ̀rẹ̀ títì M6, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ 24: méjìlá fún gbogbo ọkọ̀, méjìlá fún Tesla. Bí méjì bá bàjẹ́ níbẹ̀, ìrìn àjò kò dúró. Bí méjì bá bàjẹ́ níbi tí méjì péré wà, ọ̀rọ̀ di ti ọkọ̀ agbọ́kọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ibùdó kan ti rí kí ó tó dé ibẹ̀ lè wò ó nínú ètò Zapmap lórí fóònù, tí í fi ibi tí ẹ̀rọ wà, agbára rẹ̀ àti owó rẹ̀ hàn.

Àpẹẹrẹ: Láti Peckham dé Manchester

Ẹ jẹ́ kí a wá fi gbogbo rẹ̀ dán ìrìn àjò kan wò. Ìdílé kan fẹ́ lọ sí ibi ìgbéyàwó ní Manchester ní oṣù kìíní, ìgbà òtútù. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì ni wọ́n. Kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù méjì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀nà náà tó máìlì 210, títì M1 àti M6 ni wọn yóò sì gbà. Bátìrì ọkọ̀ wọn gba kílówáàtì-wákàtí 60, ó sì kún.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ yìí lè fi kílówáàtì-wákàtí kan rin máìlì mẹ́ta àbọ̀. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀, máìlì 210 gẹ́lẹ́ ni. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò yìí ní ìgbà òtútù yóò kàbámọ̀. Òtútù, ẹ̀rọ amúlémóoru, eré títì márosẹ̀ àti ẹrù ń jẹ iná. Ká ní ó wálẹ̀ sí máìlì 2.7. Ìrìn àjò náà yóò jẹ kílówáàtì-wákàtí 78. Méjìdínlógún ni ó ku sí i. Kò sì yẹ kí a fi bátìrì òfìfo wọ ìlú. Kí a dá 12 sí, èyí tí í ṣe ìpín 20 nínú 100. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n gbọdọ̀ gbà lójú ọ̀nà jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 30.

Níbo ni kí wọ́n ti gbà á? Ibi mẹ́ta ni a ó gbé yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá dúró ní Rugby, ní nǹkan bí máìlì 85, ìpín bíi 47 ni yóò kù nínú bátìrì. Bí wọ́n bá fi 30 kún un, yóò di nǹkan bí ìpín 97. Ṣùgbọ́n a ti sọ pé bí ó bá ti kọjá 80, iná yóò máa kán tó-tó-tó ni. Ìṣẹ́jú tí wọ́n yóò fi jókòó níbẹ̀ yóò pọ̀ láìnídìí.

Bí wọ́n bá forí tì í títí dé Keele, ní nǹkan bí máìlì 155, ìpín bíi 5 péré ni yóò kù. Lóòótọ́, iná yóò yára wọlé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá èrò níbẹ̀ ńkọ́? Bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí wọn lọ́nà, tí iná sì tán kí wọ́n tó débẹ̀ ńkọ́? Ìrẹsì yóò tutù, ìyàwó yóò ti wọlé, àwọn yóò sì wà lẹ́bàá títì.

Ẹ̀kẹta ni agbègbè Cannock, lẹ́yìn Birmingham, ní nǹkan bí máìlì 130. Ìpín 20 ni yóò kù nínú bátìrì. Bí wọ́n bá gba 30, yóò dé ìpín 70, láìwọ ibi tí iná ti ń lọ́ra. Bí ọkọ̀ wọn bá lè gba kílówáàtì 80 ní àròpọ̀, ìṣẹ́jú bíi 23 ni: àkókò tí àwọn ọmọ yóò fi lọ sí ilé ìtura, tí ìyá yóò sì fi tún gèlè wé. Máìlì 80 tí ó kù yóò jẹ nǹkan bí 30, wọn yóò sì wọ Manchester pẹ̀lú 12 tí wọ́n dá sí. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jùlọ ni pé bí ibùdó àkọ́kọ́ bá kún tàbí tí ó bàjẹ́, iná tí ó kù tó láti gbé wọn dé ibòmíràn níwájú.

Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò tíì dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan nínú ìṣirò yìí. Ibi tí ó yẹ kí a dúró ni a kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo àwọn ibùdó agbègbè náà: èwo ni ẹnu okùn rẹ̀ bá ọkọ̀ wa mu? Èwo ni ó ní ẹ̀rọ púpọ̀? Èwo ni agbára rẹ̀ tó ohun tí ọkọ̀ wa lè gbà? Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni a ó bèèrè owó. Bí ibùdó méjì bá dọ́gba nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, kí a mú èyí tí kò wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí pọ́n-ùn 7 kọjá ibi tí ó dájú lọ sí ibi tí kò dájú.

Àgbálọgbábọ̀

Láti fa ọ̀rọ̀ wa yọ: ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bèèrè ni pé, "Ẹ̀rọ wo ni ó yára jùlọ?" Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bèèrè ni pé, "Níbo ni ọkọ̀ tèmi yóò ti rí iná tí ó nílò gbà dájúdájú, níbo sì ni mo lè sá sí bí ibẹ̀ bá kùnà?" Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn méjèèjì kí ó tó kúrò nílé ti rin ìdajì ìrìn àjò rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ wà nínú èyí fún yín. Ìṣirò ìpín àti ìsọdipúpọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa iná wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ń san owó jù sì wà níbẹ̀. Ẹ lè fi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò nínú kíláàsì:

1. Fi àkàwé tìrẹ, yàtọ̀ sí ti omi, ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kílówáàtì àti kílówáàtì-wákàtí.

2. Bí bátìrì ìdílé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 50, mélòó ni wọ́n gbọdọ̀ gbà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó lè wọ Manchester pẹ̀lú 10? Ṣé ìdúró kan tó?

3. Ǹjẹ́ ó tọ̀nà kí owó orí ọjà lórí iná ibùdó ìta ju ti inú ilé lọ? Sọ ìdí rẹ.

Ibi tí a ó ti dánu dúró nìyí. Ọ̀nà yóò máa là fún wa o.